Ẹ̀yin tí ẹ ń ná Kútọnu, Lomé àti Accra, ibo lẹ ti ń ra ẹran jẹ lójú ọ̀nà?

Bí oníṣòwò bá fẹ́ lọ ra ọjà nílẹ̀ òkèèrè, á ṣírò owó ọkọ̀, á ṣírò owó ọjà, á tún fi nǹkan díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí àwọn tó ń dúró lẹ́nu ibodè. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣírò ni oúnjẹ ẹnu ara wọn, pàápàá jù lọ ẹran. Ẹni tó bá gbéra ní Ìkòyí-Ilé ní ìdájí, tó gba Ògbómọ̀ṣọ́ já sí Ọ̀yọ́, tó kọjá ní Ìbàdàn, tó sì há sínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Èkó kó tó bọ́ sí ọ̀nà Àgbádárìgì, ebi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ú pa nígbà tó bá fi máa rí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Ẹran àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ bá rí ló máa rà. Ibẹ̀ gan-an lowó ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Kì í ṣe owó ẹran fúnra rẹ̀ là ń sọ o. Ẹ jẹ́ ká mú un bí àpẹẹrẹ pé ìyá kan lọ ra àǹkárá ní Lomé, ó sì jẹ súyà àná lójú ọ̀nà. Inú rírun dé, ìgbẹ́ gbuuru tẹ̀ lé e, ó di ẹni tí kò lè kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ mẹ́ta. Owó yàrá ń lọ, owó oògùn ń lọ, ọkọ̀ tó yẹ kó bá a kẹ́rù ti lọ, àwọn oníbàárà tó ti san àsansílẹ̀ ń pè é lórí fóònù. Bí wọn ò bá rí i, wọ́n á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Súyà 500 sẹ́fà ti jẹ èrè ìrìn-àjò náà tán pátápátá.

Ìrìn-àjò yìí kì í ṣe tuntun lágbègbè wa. Kí ìjọba Busia ní orílẹ̀-èdè Gánà tó pàṣẹ ní November 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò nílùú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti ti àwọn ìlú tó yí i ká ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa nínú ọjà Tamale àti àwọn ìlú mìíràn lápá òkè Gánà. Títí dòní, ẹ máa gbọ́ ìtàn Gánà lẹ́nu àwọn àgbàlagbà nínú ọ̀pọ̀ agboolé Ògbómọ̀ṣọ́. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní 1979 ló ń jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà tó bá ní ìwé ìrìnnà wọ Benin, Tógò àti Gánà fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ohun tí àdéhùn náà kò lè ṣe fún wa ni kó bá wa yẹ ẹran wò.

Ohun tó yẹ kí ará Ìkòyí-Ilé kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ojú tó ń gbé kúrò nílé lè tàn án jẹ. Ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, tí Ìkòyí-Ilé jẹ́ olú-ìlú fún, ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Màlúù ń jẹko lágbègbè wa, àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri wàrà, ó sì ti mọ́ wa lára pé bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ ẹran, ẹran màlúù là ń sọ. Lójú ọ̀nà etí òkun láti Sẹ̀mẹ̀ dé Accra, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀sà àti ilẹ̀ olómi ló pọ̀ níbẹ̀. Màlúù ńlá oníwo gígùn tí àwa mọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbádùn irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí eṣinṣin tsetse tó ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn, tó sì ń kó àìsàn ràn wọ́n. Ọ̀pọ̀ màlúù tí wọ́n ń pa ní Kútọnu, Lomé àti Accra, apá òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń kó wọn wá, àwọn mìíràn sì wá láti Niger àti Burkina Faso. Wàhálà àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí ti jẹ́ kí kíkó ẹran wá sí etí òkun nira ju ti àtijọ́ lọ. Niger tilẹ̀ fòfin de kíkó ẹran ọ̀sìn jáde ní May 2025, nígbà tí ọdún iléyá ń bọ̀ lọ́nà.

Ìlú ńlá ni wọ́n ń kó màlúù wọ̀nyí lọ, torí ibẹ̀ ni ibi ìpẹran ìjọba àti àwọn tó lówó láti rà á wà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹran màlúù lórí tábìlì ní ìlú kékeré kan láàárín ìlú ńlá méjì, ẹ bi ara yín léèrè bó ṣe dé ibẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọ̀kadà ló gùn wá, nínú oòrùn, láti àárọ̀. Lójú tèmi, ìlànà tó wúlò jù fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà ni pé kó ra ẹran màlúù ní ìlú ńlá, kó sì rà á láàárọ̀. Ní ìlú kékeré, ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń sìn ni kó rà: ewúrẹ́, adìyẹ, ehoro, ẹlẹ́dẹ̀ fún ẹni tó bá ń jẹ ẹ́, àti ẹja níbi tí omi bá wà. Bí ìrìn ẹran láti orí ìso dé orí iná bá ṣe kúrú tó, bẹ́ẹ̀ lọkàn yín á ṣe balẹ̀ tó.

Ẹ fi ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe pé gbogbo ẹran ibẹ̀ ló bàjẹ́ o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tajà fún èrò ọkọ̀ mọ̀ pé ẹ ò ní padà wá bá òun jà. Dírẹ́bà ń fọn fèrè, ẹ̀yin náà ń wo ẹrù yín, kò sí àyè láti yẹ nǹkan kan wò. Alápatà tó ń tà fún aládùúgbò rẹ̀ lójoojúmọ́ ni kó wù yín, nítorí bó bá ta ẹran tí kò dáa lẹ́ẹ̀kan, gbogbo àdúgbò á mọ̀.

Bí àyè bá wà láti yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà tààrà, ẹ gba Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Àwọn tó gbọ́ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀. Ẹ lè fi ẹnu ara yín ná ẹran ní ọjà Ouando, kí ẹ bi alápatà léèrè ìgbà tó pa á, láìwá ògbufọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn tó bá gba ọ̀nà Kétu, Sàkétẹ́ tàbí Pobẹ́. Ìbéèrè lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n òun ló ń gba èèyàn sílẹ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ ẹran.

Ní Kútọnu, adìyẹ ni kí ẹ fojú sí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ adìyẹ àti tòlótòló inú yìnyín ló ń gba etíkun Kútọnu wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè, kì í sì í ṣe àṣírí mọ́ pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń dọ́gbọ́n gbé wọ Nàìjíríà. Yìnyín kì í ba ẹran jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí yìnyín yọ́, kí wọ́n tún dà á padà sínú fíríìsà, kó tún yọ́, títí tó fi dé orí iná ẹni tó ń yan án lẹ́bàá títì. Ẹ lè béèrè adìyẹ ìbílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní *poulet bicyclette* níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ìyẹn adìyẹ kẹ̀kẹ́, nítorí pé orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n máa ń so ó rọ̀ sí gbé lọ sọ́jà. Adìyẹ tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kiri ni. Ẹran rẹ̀ le, kò sanra, owó rẹ̀ sì ju ti inú yìnyín lọ, àmọ́ ẹ lè rí i láàyè kí wọ́n tó pa á. Awó náà wà, *pintade* ni kí ẹ béèrè.

Àwọn Mùsùlùmí ilé wa, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ yíyan wọ́pọ̀ gan-an ní Kútọnu, ní Àjàṣẹ́ àti ní Lomé. Wọ́n máa ń gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á fi ata àti àlùbọ́sà sí i, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé súyà àgbò ni. *Porc* ni wọ́n ń pè é lédè Faransé. *Mouton* ni àgùntàn, *bœuf* ni màlúù, *cabri* sì ni ewúrẹ́. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ wá àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Zongo. Zongo ni ibi tí àwọn Hausa àti àwọn Mùsùlùmí apá òkè tẹ̀dó sí láti ayé ìjọun. Kútọnu ní tirẹ̀, Lomé ní tirẹ̀, Accra náà ní Sabon Zongo àti Nima. Àwọn alápatà Mùsùlùmí ló pọ̀ níbẹ̀, bísímílà ni wọ́n fi ń pa ẹran, èdè Hausa tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́ sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. *Nama* ni ẹran láti Kánò títí dé Accra.

Láti Kútọnu sí Lomé, ọ̀nà náà gba Ouidah àti Grand-Popo kọjá kó tó dé ẹnubodè Hillacondji. Omi wà lọ́tùn-ún, omi wà lósì. Èmi ò rí ìdí tí èèyàn á fi máa wá màlúù kiri níbẹ̀ nígbà tí ẹja ń jáde látinú omi. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹni tí kò bá fẹ́ ẹja lè wá wagasi, ìbátan wàrà tiwa, tí àwọn Fúlàní Benin ń ṣe láti ara wàrà màlúù. Wọ́n máa ń fi ewé ọkà bàbà sè é títí ara rẹ̀ á fi pọ́n. Bí wọ́n bá dín in tán nínú epo gbígbóná níṣojú yín, ó ń dúró bí ẹran nínú ọbẹ̀, owó rẹ̀ kò sì ga.

Ní Lomé, ìrọ̀lẹ́ ni àwọn tó ń yan *choukouya* máa ń tẹ́ tábìlì. Àgùntàn tàbí màlúù ni, wọ́n á yan án, wọ́n á gé e, wọ́n á da àlùbọ́sà àti ata lé e. Ó dùn, mi ò ní purọ́. Ohun tí kò dùn mọ́ mi ni bébà. Àwọn kan ṣì ń fi bébà àpò sìmẹ́ǹtì di ẹran. Àwo ike kan tó ní ìdérí nínú báàgì yín kò wúwo. Ẹ gbé e fún un kó bá yín kó o sí i. Ẹ sì jẹ́ kó gé ẹran tútù síwájú yín kó tó gbé e sórí iná. Èyí tó ti yan sílẹ̀, tó kàn fẹ́ mú gbóná fún yín, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ọ́ nínú ìlànà márùn-ún rẹ̀ lórí oúnjẹ pé oúnjẹ sísè kò gbọ̀dọ̀ wà níta ju wákàtí méjì lọ láìsí nínú fíríìjì, ooru inú ẹran lórí iná sì gbọ́dọ̀ tó 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kò sẹ́ni tó ń gbé òṣùwọ̀n ooru kiri nínú gáréèjì. Ẹ gé ẹran náà sí méjì: bí àárín rẹ̀ bá ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ dá a padà sórí iná. Ní ti ẹran tútù, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ẹran tuntun á wú padà, èyí tó ti pẹ́, ojú ìka yín á wà níbẹ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ lẹ́bàá eegun, torí ibẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ nínú ìtan ńlá. Bó bá ń yọ̀ bí ilá, ẹ máa lọ. Èyí tí wọ́n ti da yájì bò mọ́lẹ̀ ló ṣòro jù láti mọ̀, nítorí yájì ń bo òórùn, ó sì ń bo àwọ̀. Ní ibi ìpẹran ìjọba, dókítà ẹran máa ń yẹ ẹran wò kó tó lu òǹtẹ̀ sí i lára. Bí ẹ bá ń ra odidi ìtan fún èrò ọkọ̀ púpọ̀, ẹ béèrè òǹtẹ̀ yẹn.

Bí ẹ bá ti kọjá ẹnubodè Aflao, Gánà lẹ wà, Faransé ti parí, sídì lẹ ó máa ná. Súyà ń jẹ́ *chichinga* níbẹ̀, pọ̀nmọ́ ń jẹ́ *wele*, ó sì wọ́pọ̀ nínú wáákyé tí wọ́n ń tà láàárọ̀. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe jó irun ara pọ̀nmọ́ náà. Táyà ọkọ̀ làwọn mìíràn fi ń jó o, ní Gánà àti nílé wa níbí, àwọn onímọ̀ sì ti ń kìlọ̀ pé èéfín táyà ń fi májèlé sílẹ̀ lára awọ. Sogakope, níbi tí afárá odò Volta wà, ilẹ̀ ẹja ni. Ẹni tó bá fẹ́ màlúù, kó ní sùúrù di Ashaiman lẹ́bàá Tema, níbi ìpẹran Tulaku, kó tó wọ Accra.

Òyà ń kọ́? Mo mọ̀ pé àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kì í fi òyà ṣeré, torí bí wọ́n ṣe ń gbé e dání lẹ́bàá títì níbẹ̀ ni wọ́n ń gbé e dání ní Gánà, níbi tó ti ń jẹ́ *akrantie*. *Agouti* ló ń jẹ́ ní Benin àti Tógò. Ẹ ṣọ́ra fún òfin: láti 1 August títí di 1 December lọ́dọọdún, Gánà ti ìgbẹ́ pa fún ọdẹ. Òyà nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda, ọdẹ tó bá sì máa pa á gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá na ẹtu tàbí ẹran ìgbẹ́ mìíràn sí yín láàárín oṣù wọ̀nyẹn, ẹrù òfin ló fẹ́ dì lé yín lórí. Ní Benin, wọ́n ti ń sin òyà nínú ilé láti àwọn ọdún 1980, nítorí náà ẹ lè rí èyí tó jẹ́ ti ọ̀sìn rà.

Fún àwọn tó ṣì ń gba ọ̀nà Tamale àti Bolgatanga lọ bíi ti àwọn bàbá wa, ẹran pọ̀ níbẹ̀, ó sì dáa, àmọ́ ẹ má ra ẹran tó kú fúnra rẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ní June 2023, àìsàn áńtíráàsì pa ẹran àti èèyàn lápá òkè-ìlà-oòrùn Gánà. Ìjọba Nàìjíríà kìlọ̀ nígbà náà pé kí á ṣọ́ra fún pọ̀nmọ́, ẹran gbígbẹ àti ẹran ìgbẹ́, oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sì rí àìsàn náà ní Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger tiwa níbí. Ohun tó burú nínú áńtíráàsì ni pé sísè lásán kò dájú láti pa kòkòrò rẹ̀.

Ó ku owó. Wọ́n so sẹ́fà mọ́ owó yúrò, 655.957 sẹ́fà sí yúrò kan, kò sì yí padà. Náírà ló ń yí. Láti June 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, oúnjẹ tó dà bí owó pọ́ọ́kú lójú ọmọ Nàìjíríà ní Kútọnu ti di nǹkan mìíràn. Nítorí náà, ẹ kọ oúnjẹ mọ́ owó ọjà. Ká ní ẹ ń ná 1,500 sẹ́fà lórí oúnjẹ kan, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún ọjọ́ márùn-ún. 22,500 sẹ́fà nìyẹn. Bó bá jẹ́ 50 àǹkárá lẹ rà, 450 sẹ́fà ti lé orí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó san owó ọkọ̀. Ẹni tí kò bá kà á máa rò pé òun jèrè ju bó ṣe jèrè lọ. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin tí ẹ jọ ń lọ, ẹ dáwó ra odindi adìyẹ kan láàyè. Ó sábà máa ń dínwó ju kí kálukú máa ra ìṣù ẹran kọ̀ọ̀kan lọ. Ẹ sì ná an tán kó tó gbọ́bẹ, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti gé e tán.

Ìkìlọ̀ tó kù ni ti ẹran tí èèyàn fẹ́ gbé bọ̀ wálé. Nínú ìwé àwọn ọjà tí kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà fòfin dè, adìyẹ àti àwọn ẹyẹ ọ̀sìn, ààyè tàbí òkú, títí kan ti inú yìnyín, wà níbẹ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹran màlúù wà níbẹ̀. Ẹyin tí kì í ṣe fún pípa náà wà níbẹ̀. Páálí tòlótòló kan ṣoṣo lábẹ́ àga ọkọ̀ lè mú kí wọ́n dá gbogbo ọkọ̀ dúró, kí wọ́n máa tú ẹrù yín wò lọ́kọ̀ọ̀kan, àti àǹkárá àti bàtà tí kò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Bí dírẹ́bà bá ní òun fẹ́ fi páálí bẹ́ẹ̀ pamọ́ sáàárín ẹrù yín, ẹ bọ́ sílẹ̀ kí ẹ wọ ọkọ̀ mìíràn. Ẹran tí àwọn ọmọ á jẹ, ẹ rà á ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ alápatà tí ẹ mọ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ẹ bá ti sinmi.